Àmúwá Ọlọ́run Kọ́ Ni Gbogbo Rẹ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Kristẹni Bí A Bá Ń Sọ̀rọ̀ Nípa Ibi

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa bíi mẹ́jọ láti inú ìjọ wa lọ bá ìdílé kan kẹ́dùn ní agbègbè Ọ̀fà Gàráàjì ní Ìlọrin. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá ni ó kú; tàífọ́ọ̀dù, tí àwọn àgbà ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ni àwọn dókítà sọ pé ó pa á. A jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kọ orin, a gbàdúrà, a sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń ti ẹnu gbogbo wa jáde: àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi ni ẹnì kẹta tí ó sọ ọ́. Bí mo ti ń jókòó padà ni mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ó ń ju gúgà onírọ́bà sínú kànga ilé náà láti fa omi tí wọn yóò bù fún àwa àlejò. Kànga náà kò ní ìdérí. Abala páànù kan tí ó ti dípẹtà ni wọ́n gbé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ojú wọn ọ̀nà láti ẹnu kànga náà dé ibi ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé, n kò sì rò pé ó ju ìgbésẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ọmọ náà bu omi wá, a sì mu ún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu ara mi, tí mo sì ń fetí sí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nílé ọ̀fọ̀, ní ilé ìwòsàn, àti nínú kíláàsì àwọn àgbà tí mo ń kọ́ ní ọjọọjọ́ ìsinmi. Mo ṣàkíyèsí pé bí ibi bá ṣẹlẹ̀, ẹni mẹ́ta ni a máa ń tètè na ìka sí: Ọlọ́run, Èṣù, àti ayé, èyí tí í ṣe àwọn ọ̀tá tí a kò fi ojú rí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìka náà tó yí padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nà án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan méjì ni ìgbàgbọ́ Kristẹni dì mú lẹ́ẹ̀kan náà: Ọlọ́run ni ó ń ṣàkóso ohun gbogbo, ènìyàn sì ni yóò jíhìn ohun tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ibi tí ọ̀kan bá ti gbé èkejì mì ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi orúkọ Ọlọ́run bo ọwọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀

Àṣìṣe yìí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ, òun náà ni ó sì ń pa ènìyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi tí ó ń kó àwọn tí ó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lórí odò Ọya ní agbègbè Pàtígi, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ẹ̀mí tí ó sì bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Èrò inú ọkọ̀ náà ti pọ̀ jù, òru ni wọ́n sì ń rìn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, yálà mọ́ṣáláṣí ni mo gba iwájú rẹ̀ kọjá tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́. Tí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dojú ọkọ̀ náà dé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti tún ṣe. Kí a máa kó èrò sí i bí a ti ń kó o ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí n fi èkejì tì í. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgbọ̀n. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ náà. Adájọ́ kò kọ orúkọ Ọlọ́run sínú ìwé ẹ̀sùn, kò sì pe Èṣù wá síwájú kóòtù. Nílé ẹjọ́, gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tí ó yin ìbọn ni ó pànìyàn. Ìgbà tí a bá dé orí pẹpẹ ni ìmọ̀ náà ń fò lọ.

Àwọn olùkọ́ ìgbàgbọ́ máa ń ya ohun tí Ọlọ́run fẹ́ tí ó sì pa láṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó yọ̀ǹda kí ó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run kò fẹ́ kí Kéènì pa Ébẹ́lì. Kódà, kí ó tó pa á, Ọlọ́run kìlọ̀ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ti ba ní ẹnu ọ̀nà, àti pé òun ni kí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó sì pa á tán, ó bi í léèrè pé níbo ni arákùnrin rẹ̀ wà. A kì í bi ẹlòmíràn léèrè ohun tí àwa fúnra wa ṣe. Ẹni tí ó bá ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́run kò ti di Kéènì lọ́wọ́ mú, Ọlọ́run ni ó rán an níṣẹ́, ó ti sọ ìbéèrè yẹn di ẹ̀tàn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ mọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́. Nínú ìwàásù Pétérù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ó sọ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo pé nípa ìpinnu àti ìmọ̀tẹ́lẹ̀ Ọlọ́run ni a fi Jésù lé wọn lọ́wọ́, àti pé ọwọ́ àwọn ènìyàn búburú ni wọ́n fi kàn án mọ́ àgbélébùú. Kò dákẹ́ láàárín méjèèjì láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe bára mu. Ó sọ ìpinnu Ọlọ́run, ó sọ ẹ̀bi ènìyàn, ó sì pe àwọn tí ó jẹ̀bi kí wọ́n ronú pìwà dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jósẹ́fù sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ pé ibi ni wọ́n gbèrò, ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbèrò rẹ̀ sí rere. Kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Mo ti gbọ́ kí a máa fi ọ̀rọ̀ Jósẹ́fù yìí rọ ọmọ òrukàn pé kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé ìyà náà ni ó sọ ọ́ di ènìyàn. Ìkà ni èyí. Jósẹ́fù nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé òun ni wọ́n tà.

Ohun kan náà ni mo fẹ́ kí á rí nínú ìwé Jóòbù, ìwé tí a ń kà jù nílé òkú tí a kì í sì í kà tán. "Olúwa ti fi fún ni, Olúwa sì ti gbà lọ": Jóòbù ni ó sọ ọ́, lórí òkú àwọn ọmọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wá kí i tí ó sọ ọ́ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Élífásì, Bílídádì àti Sófárì, jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje pẹ̀lú òru méje láìsọ̀rọ̀, èyí sì ni ohun tí ó dára jù lọ tí wọ́n ṣe nínú gbogbo ìwé náà. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà Ọlọ́run, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fa ikú àwọn ọmọ náà, ni wọ́n bọ́ sínú wàhálà, nítorí pé ní orí tí ó kẹ́yìn, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí pé wọn kò sọ ohun tí ó tọ́ nípa òun. Ó yẹ kí èyí máa dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ ìtùnú. Jésù pàápàá, nígbà tí wọ́n sọ fún un nípa àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa, òun fúnra rẹ̀ mú ti ilé ìṣọ́ Sílóámù wá, èyí tí ó wó pa ènìyàn méjìdínlógún. Ó ní wọn kò jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà láàyè pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Ìdí tí ilé ìṣọ́ náà fi wó, kò sọ ọ́.

Àwọn kan yóò bi mí pé Àìsáyà orí 45 ńkọ́, níbi tí Ọlọ́run ti sọ nínú Bíbélì wa àtijọ́ pé òun ni ó ṣe àlàáfíà tí ó sì dá ibi. Ọ̀rọ̀ "ibi" lédè Yorùbá gbòòrò: ó gba ìwà búburú, ó sì tún gba àjálù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ rí. Àlàáfíà ni wòlíì náà fi dojú kọ ọ́, kò fi òdodo dojú kọ ọ́. Àjálù bí ogun àti ìgbèkùn ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ yìí ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run ni ó ń dá ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ṣì í lọ́nà, kì í ṣe Àìsáyà.

Kádàrá kì í ṣe orúkọ mìíràn fún ìfẹ́ Ọlọ́run

Àwa tí a ń gbé ní Ìlọrin ní ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́nu. Láti inú èdè Lárúbáwá ni "kádàrá" ti wá, nípasẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé. "Àyànmọ́", "ìpín" àti "àkúnlẹ̀yàn" ti wà nílẹ̀ kí ìwé kankan tó dé. "Yàn tẹ́lẹ̀" sì ni Bíbélì fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù. A ń lo gbogbo wọn bí ẹni pé nǹkan kan náà ni wọ́n, mo sì ti gbọ́ ìwàásù kan tí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé nínú ẹyọ gbólóhùn kan. Àwọn Mùsùlùmí ní àlàyé tiwọn lórí kádàrá, èyí tí ó jinlẹ̀ ju bí a ti ń lò ó ní ìgboro lọ, n kì yóò sì ṣe àlàyé ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn fún un. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́ Yorùbá gan-an, yíyàn wà níbẹ̀: ènìyàn ni ó kúnlẹ̀ tí ó yan orí rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ìwà sì ní ipa tí wọ́n ń kó lẹ́yìn tí ó bá dé ayé. Kristẹni tí ó káwọ́ gbera tí ó ní bí a ti kọ ọ́ ni, ó ti jáwọ́ ju ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbà gbọ́ lọ.

Jeremáyà orí 18 ni wọ́n sábà máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀: àwa ni amọ̀, Ọlọ́run ni amọ̀kòkò, kò sí ohun tí amọ̀ lè sọ. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò ní Dàda, ní apá Òkè-Lélé, kí ẹ jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan. Amọ̀ kan ń gbọ́ràn, òmíràn ń la; bí òkúta kékeré bá wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ìyá náà á mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i, yóò yọ ọ́ dànù, yóò sì tún amọ̀ náà pò. Ohun tí ó wà nínú Jeremáyà gan-an nìyẹn. Ìkòkò bàjẹ́ lọ́wọ́ amọ̀kòkò, ó sì fi amọ̀ kan náà mọ òmíràn. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni pé bí orílẹ̀-èdè tí Ọlọ́run ti sọ pé òun yóò fà tu bá yí padà kúrò nínú búburú rẹ̀, Ọlọ́run náà yóò yí ìpinnu rẹ̀ padà, bí èyí tí ó ṣèlérí rere fún bá sì ṣe búburú, ìlérí náà yóò yí padà. "Bí" ni ọ̀rọ̀ tí ó gbé gbogbo orí náà dúró. Kádàrá kò mọ "bí".

Èṣù kò bá ọ ná owó náà

Akápò ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀ jẹ owó ìkórè. Nígbà tí wọ́n pè é síwájú àwọn alàgbà, ó wólẹ̀, ó sunkún, ó ní iṣẹ́ Èṣù ni. Bàbá àgbà kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé bi í pé, "Ọmọ mi, Èṣù ha bá ọ ná níbẹ̀ bí?" Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò yàtọ̀ sí ohun tí Jákọ́bù kọ sínú lẹ́tà rẹ̀: Ọlọ́run kì í fi ibi dán ẹnikẹ́ni wò, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọkàn olúkúlùkù ni ó ń fà á lọ tí ó sì ń tàn án. Ó yà mí lẹ́nu pé ní ibi tí Jákọ́bù ti ń ka ohun tí ó ń fa ẹ̀ṣẹ̀, kò dárúkọ Èṣù rárá. Ó di orí kẹrin kí ó tó dárúkọ rẹ̀, ohun tí ó sì sọ níbẹ̀ ni pé kí a kọ ojú ìjà sí i, yóò sì sá. Ẹni tí ó ń sá kò lè ti ẹnikẹ́ni ṣubú.

Díẹ̀ nínú ìṣòro yìí jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, "Èṣù" ni wọ́n mú fún ẹni ibi náà. Ṣùgbọ́n Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè; ìránṣẹ́ ni, òun ni ó ń gbé ẹbọ lọ, ó sì ń dán ènìyàn wò. Orúkọ náà ti bá ẹni tuntun lọ, kò sì sí bí a ó ṣe gbà á padà mọ́, ṣùgbọ́n ó dára kí á mọ̀ pé ẹni méjì ni.

Àṣìṣe tí ó burú ju èyí lọ ni kí á sọ Sátánì di ọlọ́run kejì. Mo ti bá wọn ṣe ìṣọ́ òru tí a pe orúkọ rẹ̀ ju ti Jésù lọ láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta. Nínú ìwé Jóòbù, àyè ni Sátánì ń tọrọ. Ó ní ibi tí wọ́n pa ààlà fún un dé. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ará Àríkà ti Àríwá tí a bí ní ọdún 354, ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Mánì fún bí ọdún mẹ́sàn-án nígbà èwe rẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà pé agbára ìmọ́lẹ̀ àti agbára òkùnkùn ń bá ara wọn jà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ohun tí ó di mú ni pé ibi kì í ṣe nǹkan tí a dá, bí kò ṣe àìsí ohun rere níbi tí ó yẹ kí ó wà. Bí mo bá ń kọ́ kíláàsì mi ní èyí, àwọn ahunṣọ òfì ni mo máa ń tọ́ka sí. Bí ihò bá wà lára aṣọ, kò sí ahunṣọ tí ó hun ihò. Òwú ni wọ́n ń hun, ihò sì ni ibi tí òwú kò sí mọ́. Èyí kò sọ ihò di ohun kékeré. Ẹni tí ó bá da aṣọ olíhò bora nígbà ọyẹ́ yóò sọ fún ọ bóyá ihò wà tàbí kò sí.

Ìka tí a ń nà sí ayé ni ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ní abúlé kan ní apá gúúsù Kwara, ọmọkùnrin kan pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní wòlíì sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni ó di í mọ́lẹ̀. Ó lé ìyá náà jáde kúrò nínú ilé tí ìyá náà fi owó èlùbọ́ kọ́. Nígbà tí mo bá ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ó jẹ́wọ́ fún mi pé ìwé ìkìlọ̀ mẹ́ta ni ọ̀gá òun ti fún òun kí wọ́n tó dá òun dúró nítorí àìtètè dé. Ìwé mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó rí.

Fáráò, àti àwọn tí ń jà lé e lórí

Kò sí ìgbà tí a kọ́ ẹ̀kọ́ Ẹ́kísódù tí ẹnì kan kì í dìde béèrè pé bí Olúwa bá mú àyà Fáráò le, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Fáráò? Ìbéèrè gidi ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ kankan fi àdúrà pa á. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni kíka ẹsẹ kan ṣoṣo. Ẹ ka ìtàn náà ní ìyọnu kan tẹ̀ lé òmíràn: nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ohun tí a kọ ni pé àyà Fáráò le, tàbí pé Fáráò ni ó mú àyà ara rẹ̀ le, ìyọnu kẹfà, èyí tí í ṣe ti oówo, ni a ti kọ́kọ́ kà lẹ́yìn ìyọnu kan pé Olúwa mú àyà rẹ̀ le. Ní ti òdodo, Ọlọ́run ti sọ fún Mósè ṣáájú kí ó tó dé Íjíbítì pé òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ náà kò ju pé Fáráò ni ó bẹ̀rẹ̀ lọ, kò tíì kà á tán. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà ni pé kò sí ibì kan nínú ìtàn náà tí Fáráò ti fẹ́ ṣe rere tí Ọlọ́run dí i lọ́wọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó dúró lórí Òkè Sóbì lè rí ọkọ̀ méjì tí ó fẹ́ pàdé ní kọ́nà tí àwọn awakọ̀ méjèèjì kò tíì rí ara wọn. Rírí rẹ̀ kọ́ ni ó fa ìkọlù wọn. Àpèjúwe yìí wúlò, mo sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí pé Ọlọ́run kì í ṣe aláwòran orí òkè. Òun ni ó dá òkè náà, tí ó sì ń fún àwọn awakọ̀ náà ní èémí. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìjọ ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún nítorí pé àpèjúwe kankan kò gbé e tán.

Ní tòótọ́, ìjà náà ti pẹ́. Pelagius, olùkọ́ ìgbàgbọ́ kan ní ìgbà ayé Augustine, kọ́ni pé ènìyàn lè fi agbára ara rẹ̀ nìkan pa òfin Ọlọ́run mọ́; ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage ní ọdún 418 kọ ẹ̀kọ́ náà, ti ìlú Orange ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 529 sì sọ pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ó ń ṣáájú. Àwọn tí wọ́n ń wàásù lónìí pé gbogbo ohun tí o bá pinnu ni yóò ṣẹ kò mọ̀ pé ọmọ Pelagius ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Calvin, tí ó tẹnu mọ́ ọn pé Ọlọ́run ni ó ń yan ẹni tí yóò là, àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn Arminius, tí wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé ènìyàn lè gba ìpè náà tàbí kí ó kọ̀ ọ́, wá, tí ìpàdé ńlá fi wáyé ní Dort ní Netherlands láti ọdún 1618 sí 1619 lórí ọ̀rọ̀ wọn. Mo ti jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run ní Ìgbàjà, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1941, tí wọ́n ń fi orúkọ méjèèjì jiyàn títí oúnjẹ fi tutù. Èyí tí mo fẹ́ kìlọ̀ ni pé kí á má ṣe sọ ohun tí wọn kò sọ. Calvin kò fẹ́ràn kí á máa sọ pé Ọlọ́run kàn "yọ̀ǹda" ibi, ṣùgbọ́n kò sọ pé Ọlọ́run ni ó ń dẹ́ṣẹ̀; Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Westminster ti ọdún 1646, tí ó tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, sọ ọ́ kedere pé Ọlọ́run kọ́ ni olùpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀, kò sì fi ipá mú ìfẹ́-inú ẹ̀dá. Arminius náà kò sọ pé ènìyàn lè gba ara rẹ̀ là. Òun pẹ̀lú ní oore-ọ̀fẹ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Wesley, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, gba ti Arminius, nítorí náà Mẹ́tọ́díìsì tí ó bá ń sọ pé ìjọ òun kò gbà pé oore-ọ̀fẹ́ ṣe pàtàkì kò mọ ìjọ rẹ̀. Àwọn Áńgílíkà sì ní àpilẹ̀kọ kẹtàdínlógún nínú àpilẹ̀kọ ìgbàgbọ́ mọ́kàndínlógójì wọn, lórí yíyàn tẹ́lẹ̀ gan-an, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ṣí rí.

Àṣìṣe kékeré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa yóò dá mọ̀. Ọmọkùnrin kan yóò tọ arábìnrin kan lọ lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, yóò ní Ọlọ́run ti fi í han òun pé arábìnrin náà ni ìyàwó òun. Arábìnrin kan ní Táńkè fèsì pé, "Ẹ kú àdúrà, bọ̀dá. Bí ó bá fi yín han èmi náà, màá pè yín." Ẹ̀kọ́ òmìnira tí ó wà nínú ìdáhùn yìí ju ti ìwàásù wákàtí méjì lọ.

Ìlérí kò lé awakọ̀ sọ̀kalẹ̀

Ibi tí ó kù ni ti àwọn tí ó gbà pé níwọ̀n bí Ọlọ́run ti ń ṣàkóso, lílo oògùn, dídé akoto lórí ọ̀kadà, tàbí sísan owó kí a fi yẹ bíréèkì wò jẹ́ àìnígbàgbọ́. Fún wọn ni mo ṣe fẹ́ràn Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ìjì ti ń gbá ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Áńgẹ́lì ti dúró tì í lóru, ó sì ti sọ fún un pé Ọlọ́run ti fi ẹ̀mí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ náà jíǹkí rẹ̀, ẹ̀mí kan kò ní sọnù; 276 ni wọ́n, ẹni tí ó kọ ìtàn náà kà wọ́n. Ìlérí ti délẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn atukọ̀ sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ sínú òkun bí ẹni tí ó fẹ́ ju ìdákọ̀ró, àmọ́ tí wọ́n fẹ́ sá lọ. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé kò ṣe nǹkan kan, Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Ó sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró nínú ọkọ̀, ẹ kò lè là. Àwọn ọmọ ogun sì gé okùn ọkọ̀ kékeré náà. Ọlọ́run tí ó pinnu pé wọn yóò dé èbúté ni ó pinnu pé atukọ̀ ni yóò tu wọ́n débẹ̀.

Ó gbà mí ní bí ọdún kan kí n tó lè padà sí ilé ẹ̀yìn Ọ̀fà Gàráàjì yẹn fún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo bẹ ìyá ọmọ náà pé kí ó foríjì mí nítorí gbólóhùn tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Ó wò mí títí.

"Alàgbà, ṣé ẹ wá sọ fún mi pé Ọlọ́run kò mọ̀ sí i ni?"

Mo ní rárá, ó mọ̀ sí i, ìdí tí ó fi yọ̀ǹda rẹ̀ sì ni èmi kò mọ̀, n kò sì ní purọ́ fún un pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni ọ̀nà tí ìdọ̀tí gbà dé inú kànga.

Ó ní òun náà ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ń wọlé ni ó ń sọ pé Ọlọ́run ni, òun kò sì fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òun ń bá Ọlọ́run ṣe ẹjọ́. Ó dìde, ó wọ inú ilé, ó sì gbé omi wá fún mi nínú ife. Omi náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn èéfín igi díẹ̀. Ó ti sè é.